Àwọn Tó Fọwọ́ Sí Ọta Tí Wọn Kò Wọ̀n

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ jẹ́ kí n dìde dúró sọ ọ́, nítorí bí mo bá jókòó, n óò fi apá kan pamọ́. Gbogbo yín lẹ mọ̀ mí. Èmi ni Sámúẹ́lì tí ẹ ń pè ní Bàbá Ọlọ́kọ̀-Ogun. Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo fi tọ́jú ìbọn ńlá nínú ọkọ̀ ogun ojú omi kí n tó fẹ̀yìn tì. Èmi kì í ṣe wòlíì. Bí ẹ̀mí bá ń gun àwọn aríran nínú ìjọ yìí, aago ni èmi máa ń wò. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rù ohun tí mo rí fi bà mí tó bẹ́ẹ̀, nítorí n kò tọrọ rẹ̀.

Ọjọ́ kẹta ààwẹ̀ tí a gbà lóṣù tó kọjá ni. A ti parí àdúrà ọ̀sán, àwọn yòókù ti lọ sílé. Mo tẹ́ ẹní mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tó kọjú sí ọ̀sà, mo kúnlẹ̀, mo gbàdúrà títí ahọ́n mi fi gbẹ. Oòrùn ń ta wọlé sí mi lẹ́sẹ̀. Mo ní kí n fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ díẹ̀. Mo ń gbọ́ Ìyá Ìjọ tó ń gbá àgbàlá níta, ìró ìgbálẹ̀ rẹ̀ ni mo sì gbọ́ kẹ́yìn.

Mo ṣàdédé rí i pé mo dúró ní èbúté kan. Kì í ṣe èbúté wa. Omi ibẹ̀ dúdú, kò sì rú rárá. Kò sí ẹyẹ, kò sí òórùn ẹja. Ọkùnrin kan dúró tì mí. Aṣọ rẹ̀ funfun, ṣùgbọ́n kì í ṣe funfun tó ń kọ mànà; funfun aṣọ tí wọ́n ti fọ̀ ní àfọ̀túnfọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún ni. Kò sí bàtà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Kò sọ orúkọ rẹ̀ fún mi títí a fi pínyà.

Ó ní, "Sámúẹ́lì, àwọn tí o jogún iṣẹ́ wọn ni n óò kọ́kọ́ fi hàn ọ́."

Mo ní, "Àwọn wo nìyẹn, Olúwa mi?"

Ó ní, "Máa bọ̀."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀ níhìn-ín kí ọ̀rọ̀ má bàa rú yín lójú. Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, wọ́n rán mi lọ sí Ítálì láti kọ́ iṣẹ́ ìbọn, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe ìbọn orí ọkọ̀ wa. Bàbá arúgbó kan tí a ń pè ní Sínyọ Batísta ló kọ́ wa. Lọ́jọ́ kìíní, kò fi ìbọn kankan hàn wá. Ìtàn ló sọ. Ó ní láàárín ogun àgbáyé méjèèjì, àwọn olórí ilẹ̀ òun fẹ́ kí ọkọ̀ ogun wọn borí ti gbogbo aládùúgbò. Wọ́n ṣe ìbọn gígùn tí ọta rẹ̀ ń yára bí àrá, tó sì ń jìnnà ju ti ẹlòmíràn lọ. Àwọn ìbọn tó ti gbó lórí ọkọ̀ àtijọ́, wọ́n gbẹ́ inú wọn fẹ̀ sí i kí wọ́n lè gba ọta tó tóbi jù. Lórí ọkọ̀ mìíràn, wọ́n so ọ̀pá ìbọn méjì mọ́ orí ìjókòó kan ṣoṣo kí ọkọ̀ lè fúyẹ́, méjèèjì fún mọ́ra bí arìnrìn-àjò tó pín àga kan. Bí wọ́n bá yìn pọ̀, afẹ́fẹ́ ọta kan a gbọ́n èkejì kúrò lọ́nà. Èyí tó wá burú jù ni ti ìwọ̀n. Ọta kan a wúwo díẹ̀, òmíràn a fúyẹ́ díẹ̀. Ẹ̀tù inú àpò kan a pọ̀, ti èkejì kò ní tó. Nítorí náà, bí ọkọ̀ kan bá yin ọta mẹ́jọ sójú kan náà, ọ̀kan a bọ́ síwájú ọkọ̀ ọ̀tá, ọ̀kan a bọ́ sẹ́yìn rẹ̀, ìyókù a fọ́n káàkiri, òkun a sì gbé gbogbo rẹ̀ mì. Nígbà tó yá, wọ́n dín ẹ̀tù kù, wọ́n dín ìwọ̀n ọta kù, ó sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n kò sàn tán.

Sínyọ Batísta ní, "Irin náà dára. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé irin wa kò dára. Ọwọ́ tó kọ 'ó pé' sára ohun tí kò pé ni kò dára." Ó wá sọ fún wa pé bàbá òun wà lára àwọn tó ń wọn ọta nílé àgbẹ̀dẹ kan nígbà náà, pé òun náà sì kọ 'ó pé'. Bó ti débẹ̀ ni ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ń nù ún. Àwa ọ̀dọ́ ń wo ara wa, a ń rẹ́rìn-ín lábẹ́ ẹnu. A rò pé arúgbó ń ṣe wèrè ni.

Ilé àgbẹ̀dẹ náà ni ọkùnrin aláṣọ funfun mú mi wọ̀.

Kò sí ògiri níwájú, kò sí ògiri lẹ́yìn. Òrùlé irin nìkan ló nà lọ títí ojú kò fi tó o mọ́, ooru sì ń bọ̀ láti ilẹ̀. Ọkùnrin tó wà níbẹ̀ kò lóǹkà, aṣọ iṣẹ́ aláwọ wà láyà wọn, olúkúlùkù dúró ti òṣùwọ̀n kan. Mo rí ọ̀kan tó gbé ọta ka orí òṣùwọ̀n. Ọta náà ga tó ọmọ ọdún mẹ́wàá. Abẹ́rẹ́ òṣùwọ̀n lọ sọ́tùn-ún, ó lọ sósì, kò dúró. Ọkùnrin náà mú kálàmù, mo sì rí i pé ó fẹ́ kọ òtítọ́. Mo rí i lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí kálàmù ti kan ìwé, "ó pé" ló kọ. Bó ti kọ ọ́ tán, ọta yí ṣubú lé e lẹ́sẹ̀, egungun rẹ̀ ró, ó bẹ̀rẹ̀, ó tún gbé e ka orí òṣùwọ̀n.

Ìyẹn kọ́ ni ẹ̀rù. Ẹ̀rù ni àwọn tó tò sílẹ̀ níwájú wọn. Ọ̀dọ́ ni gbogbo wọn, ọmọ ogun orí omi, omi ń kán lára aṣọ wọn, iyọ̀ ti bo ìpéǹpéjú wọn, ẹlòmíràn kò ní apá, ẹlòmíràn jóná dé ọrùn, wọ́n sì ń bọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn kò pariwo, wọn kò bú ẹnikẹ́ni, wọ́n kàn ń fi ohùn jẹ́jẹ́ béèrè bí ọmọ ti í béèrè lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ pé, "Bàbá, ṣé ó pé?" ọkùnrin yẹn a sì la ẹnu láti sọ pé rárá, ọmọ mi, kò pé, sá kúrò níbẹ̀, ahọ́n rẹ̀ a sì lọ́, a ní "Ó pé," iná a yọ lẹ́nu rẹ̀, eyín rẹ̀ a fọ́, òmíràn a sì ti dúró níwájú rẹ̀ tó ń béèrè pé, "Bàbá, ṣé ó pé?"

Mo di ojú mi mú. Ọkùnrin aláṣọ funfun, amọ̀nà mi, ní kí n ṣí i.

Ó ní, "Àwọn wọ̀nyí mọ̀. Wọ́n ní ta ni yóò mọ̀, ṣebí inú òkun ni yóò bọ́ sí."

Oníṣẹ́ ìbọn ni mí, n kò lè ṣe kí n má béèrè. Mo ní, "Olúwa mi, má bínú sí mi. Bí ìwọ̀n bá pé, ṣé ọta yẹn kò ní pa ọmọ ẹlòmíràn ni? Ṣé nítorí pé ìbọn wọn tàsé ni wọ́n ṣe ń jìyà?"

Ó ní, "Kò sí ẹni tó ń jìyà níbí nítorí pé ìbọn tàsé. Àwọn tó ní kí wọ́n ṣe ìbọn wà nísàlẹ̀, o máa rí wọn. Ti àwọn wọ̀nyí ni pé ẹnì kan fi ẹ̀mí rẹ̀ lé ọ̀rọ̀ ẹnu wọn."

Bí a ti ń lọ, mo rí ọ̀gá kan tí ọ̀pá ìbọn gígùn wà lọ́rùn rẹ̀, tó ń kan ilẹ̀kùn kan lẹ́yìn òmíràn, tí ẹnikẹ́ni kò ṣí fún un. Amọ̀nà mi ní ọ̀gá àwọn oníwọ̀n ni. Ó máa ń rán òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ sí iṣẹ́ ọ̀nà jíjìn, á sì wọlé tọ aya onítọ̀hún; aya kò lè kọ̀, nítorí ọwọ́ ọ̀gá ni oúnjẹ ọmọ wà. N kò bi í ní ìbéèrè lórí ìyẹn.

Lẹ́yìn náà ni a dé etí kòtò. Ẹ̀yin ará, ẹ ṣàánú mi, n kò lè sọ ọ́ bó ti rí. Nínú kòtò yẹn ni àwọn aláṣẹ wà, àwọn tó fẹ́ kí ìbọn wọn jìnnà, kí ilẹ̀ wọn fẹ̀, àwọn tí wọ́n fi ọkọ̀ kó ọmọ ogun wá gba ilẹ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú bí àwa. Wọ́n dùbúlẹ̀ gbọọrọ bí ọ̀pá ìbọn, irin tó mú ń yí nínú wọn, ó ń gbẹ́ inú wọn fẹ̀, ẹran ara wọn ń bọ́ bí èérún igi, wọ́n ń ké, wọ́n ń jà, ṣùgbọ́n ẹnu wọn, ẹ̀yin ará, ẹnu wọn kan náà tó ń ké yẹn ló ń pàṣẹ pé, "Ẹ fẹ̀ ẹ́ sí i! Ẹ fẹ̀ ẹ́ sí i!" irin a sì tún yí, n kò sì rí ẹnikẹ́ni tó ń yí i, àwọn fúnra wọn ni.

Mo sá. Mo sá padà sáàárín àwọn oníwọ̀n, mo kọsẹ̀, mo ṣubú síwájú arúgbó kan. Nígbà tí mo gbójú sókè, imú Sínyọ Batísta ni mo rí lójú rẹ̀, imú tó tẹ̀ díẹ̀ sápá òsì. Mo mọ̀ pé bàbá rẹ̀ ni.

Ó bẹ̀rẹ̀ sọ́dọ̀ mi. Ó ní, "Òórùn òróró ìbọn ń jáde lára rẹ. Ṣé o mọ ọmọ mi? Olùkọ́ ni, mo gbọ́."

Mo ní, "Òun ló kọ́ mi, Bàbá."

"Ṣé ó dárúkọ mi fún yín?"

"Ó dárúkọ yín."

"Ṣé ó sọ ohun tí mo ṣe?"

Mo wo amọ̀nà mi, kò ràn mí lọ́wọ́. Mo ní, "Ó sọ gbogbo rẹ̀. Lójú gbogbo kíláàsì."

Mo rò pé yóò bínú. Arúgbó náà gbé orí lé òṣùwọ̀n, ó sunkún bí ọmọ ọwọ́, ó ń sọ pé, "O ṣeun, ọmọ mi, o ṣeun. O ṣeun tí o kò purọ́ fún mi." Abẹ́rẹ́ tí n kò tíì rí kó dúró láti ìgbà tí mo ti wọlé sì dúró ṣinṣin. N kò mọ ohun tí Ọlọ́run ṣe fún un lẹ́yìn ìyẹn. Amọ̀nà mi ti dì mí lápá mú, ó ní àkókò ń lọ.

Afárá kékeré kan ni a gbà sọdá. Bí ẹsẹ̀ mi ti kan òdìkejì, atẹ́gùn fẹ́ sí mi lójú, ó tutù, ó ní òórùn ewé tútù. Ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ dà bí ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ lẹ́yìn òjò. Mo ti ń retí wúrà àti adé. N kò rí ìkankan. Àwọn ènìyàn jókòó lábẹ́ igi, wọ́n ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ẹlòmíràn ń fọ ẹsẹ̀ lódò. Obìnrin òyìnbó kan dùbúlẹ̀ sórí koríko, ó wé ìborí sórí, ó ń sùn fọnfọn. Mo bi amọ̀nà mi léèrè nípa rẹ̀.

Ó ní, "Ilé àgbẹ̀dẹ yẹn kan náà ló ti ṣiṣẹ́. Ó ń di ẹ̀tù sínú àpò. Wọ́n ní kó kọ pé ó pé, ó ní kò pé. Wọ́n lé e. Ebi kò jẹ́ kó rí oorun sùn títí ó fi kú. Jẹ́ kó sùn."

A rọra kọjá lára rẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti rí Mùfútàù.

Ẹ̀yin ará, ẹ̀yin kò mọ Mùfútàù. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni. Mùsùlùmí ni. Ọ̀rẹ́ mi ni, a jọ wà nídìí ìbọn kan náà lórí ọkọ̀. Bí ìbọn ńlá bá yìn, ọ̀pá rẹ̀ a ta padà sẹ́yìn, òróró kan wà nínú ìgò irin lábẹ́ rẹ̀ tó máa ń gbà á dúró kó má bàa pa àwọn tó wà lẹ́yìn. Iṣẹ́ tèmi ni láti wo òróró yẹn kí n sì fọwọ́ sí ìwé pé mo wò ó. Ọjọ́ Sátidé kan, mo fọwọ́ sí i, n kò wò ó. Ọkọ̀ kékeré tó ń gbé wa lọ sí etíkun ti fẹ́ ṣí, ìkórè ìjọ yìí sì ni lọ́jọ́ kejì. Ẹ̀yin àgbà tó wà níbí, ẹ rántí ìkórè tí mo wọ agbádá funfun, tí mo jó títí dé iwájú pẹpẹ, tí ẹ pàtẹ́wọ́ fún mi? Ìkórè yẹn ni. Ní ọjọ́ Ajé, a yin ìbọn. Ọ̀pá ìbọn ta padà, ohunkóhun kò dá a dúró. Ó gbá Mùfútàù láyà.

Nígbà tí wọ́n ṣe ìwádìí, ẹnì kan ní ó jọ pé ọkùnrin náà ti mu ọtí, pé ibi tí kò yẹ ló dúró sí. Wọ́n pè mí. Wọ́n ní, "Ìwọ tó jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ṣé ó máa ń mutí?" Mùfútàù tí kò fi ẹnu kan ọtí rí láyé rẹ̀! Mo ní, "N kò mọ̀." Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọtí ló pa á.

Òun ló jókòó sórí òkúta kan lẹ́nu ọ̀nà ibi ìsinmi yẹn, aṣọ rẹ̀ mọ́, ọgbẹ́ kò sí láyà rẹ̀ mọ́. Mo mọ̀ pé inú yóò bí àwọn kan nínú yín. Inú bí èmi náà. Mo yíjú sí amọ̀nà mi, mo ní, "Olúwa mi, Mùsùlùmí ni."

Ó ní, "Mo mọ̀. Ìwọ ńkọ́, kí ni ọ́?"

Mo yíjú padà sí Mùfútàù.

Mùfútàù rí mi. Kò dìde. Ó ní, "Sámú, o ti dàgbà."

Mo ní, "Mùfútàù, ṣé o ti sinmi?"

Ó ní, "Ara mi ti sinmi. Orúkọ mi ni kò tíì rí ibi jókòó." Ó wá wò mí lójú, ó ní, "Sámú, ṣé mo mutí?"

Mo fẹ́ sọ pé rárá. Ọlọ́run ló mọ̀ pé mo fẹ́ sọ ọ́. Ẹnu mi ṣí, ahọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́, mo sì mọ ìlọ́ yẹn, mo ti rí i lódìkejì afárá, ooru ń gòkè lọ́fun mi, mo fi ọwọ́ méjèèjì di ẹnu mú, ilẹ̀ abẹ́ ẹsẹ̀ mi sì ń di irin, koríko ń di irin, mo bojú wẹ̀yìn, mo rí òṣùwọ̀n kan tí kò sẹ́ni nídìí rẹ̀, aṣọ iṣẹ́ aláwọ kọ́ sára rẹ̀, tuntun ni, ìwọ̀n ara mi ni wọ́n gé e sí, kálàmù wà lórí tábìlì, ìwé wà lábẹ́ rẹ̀, ọwọ́ ìkọ̀wé tèmi ló wà nínú ìwé yẹn, mo ké pe Jésù, ohùn mi kò jáde, mo ké, mo ké, mo ń ṣubú.

Omi tútù ló bà mí lójú. Ìyá Ìjọ ti ju ìgbálẹ̀ nù, ó kúnlẹ̀ tì mí, ó ń bu omi lé mi lórí.

Ó ní, "Bàbá Ọlọ́kọ̀-Ogun! Kí lẹ rí? Ẹ ń pariwo pé kò mutí, kò mutí. Ta ni kò mutí?"

Mo ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ kí n lọ sílé."

Oòrùn kò tíì kúrò lójú fèrèsé. Gbogbo ohun tí mo sọ yìí, mo rò pé kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Mo sọ fún ìyàwó mi. N kò sọ ọ́ fún un rí láti ọdún mẹ́rìndínlógún tí Mùfútàù ti kú. Kò bá mi jà. Ó kàn gbé oúnjẹ tó ti bù fún mi padà sílé ìdáná. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó wọṣọ, ó ní, "Ó yá, a ń lọ sí Ẹ̀pẹ́."

A bá Ìyá Kàmórù, opó Mùfútàù, nílé. Ó ń sá aṣọ. Ó mọ̀ mí. Inú rẹ̀ dùn, ó ní, "Háà, Bàbá Tọ́lá! Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ jókòó, kí n fún yín lómi." N kò jókòó. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí sìmẹ́ńtì.

Ó figbe ta. "Ẹ dìde! Ẹ má bà mí láyé jẹ́! Àgbà kì í dọ̀bálẹ̀ fún mi. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Ibi tí mo dọ̀bálẹ̀ sí yẹn ni mo ti sọ ọ́. Òróró. Ìwé. "N kò mọ̀." Mo gbójú sókè. Aṣọ tútù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, omi ń kán síbi ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ó ní, "Ọjọ́ fìdáù rẹ̀, ènìyàn méje ló wá. Méje. Wọ́n ní àwọn kò lè wá gbàdúrà fún ọ̀mùtí. Èmi fúnra mi, Bàbá Tọ́lá, èmi tí mo sùn tì í, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé bóyá ó máa ń mu ún níbi iṣẹ́ tí n kò mọ̀. Ẹ̀yin lẹ jẹ́ kí n fura sí òkú ọkọ mi." Ohùn rẹ̀ kò ga rárá. "Wọ́n ní bí irọ́ bá sáré fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Kí ni òtítọ́ yín jókòó ṣe níbì kan láti ọdún mẹ́rìndínlógún?"

Mo tún dojú délẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì.

Kàmórù, ọmọ rẹ̀, ti ń gbọ́ wa láti inú yàrá. Ọkùnrin gìrìpá ni báyìí, ó ń tún ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ojú omi ṣe. Ó jáde, ó dúró lórí mi. Ó ní, "Ẹ̀yin àti bàbá mi, ẹ jọ jẹun rí?"

Mo ní, "Inú àwo kan náà, lójoojúmọ́."

Ó bọ́ síta. N kò tíì rí i láti ìgbà náà.

Ìyá Kàmórù ní òun kò fẹ́ ẹ̀bẹ̀ inú ilé. Ó ní níbi tí wọ́n ti ba orúkọ ọkọ òun jẹ́ ni kí n ti lọ tún un ṣe. Nítorí náà, ní ọjọ́ Jímọ̀, mo dúró lẹ́nu géètì mọ́sálásí wọn, mo bọ́ bàtà mi. Mo bẹ Lèmọ́mù kó jẹ́ kí n sọ gbólóhùn kan lẹ́yìn ìrun. Ó gbà. Mo dojú kọ wọ́n, mo ní, "Mùfútàù kò mutí rí. Èmi ni n kò wo òróró. Èmi ni mo dákẹ́." Arúgbó kan níwájú ní, "Ó ti pẹ́ jù." Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n Lèmọ́mù gbọ́wọ́ sókè, ó dárúkọ Mùfútàù àti orúkọ bàbá rẹ̀, gbogbo mọ́sálásí sì ṣe àmín. Mo gbọ́ igbe obìnrin kan láti apá ibi tí àwọn obìnrin wà. Ohùn Ìyá Kàmórù ni.

Nígbà tó jáde, ó kọjá lára mi. Ó ní, "N kò tíì dárí jì yín."

Mo ní, "Mo gbọ́, ìyàwó wa."

Ó ní, "Ẹ tún máa bọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀ mìíràn. Àwọn kan wà tí kò wá lónìí."

Mo ti kọ̀wé sí àwọn ọ̀gá ọkọ̀ ogun pẹ̀lú. Wọ́n ti ránṣẹ́ pè mí, ọjọ́rú tó ń bọ̀ ni n óò lọ. N kò mọ ohun tí wọ́n máa fi mí ṣe, ẹ má sì gba ààwẹ̀ nítorí mi kí wọ́n lè fi mí sílẹ̀.

Ohun tí mo ní kí n sọ fún yín rèé. Inú ìjọ yìí ni mo wà ní gbogbo ọdún mẹ́rìndínlógún yẹn. Mo gbé àgbélébùú níwájú yín. Mo gbàdúrà fún àwọn aláìsàn, àwọn kan sì rí ìwòsàn. Kò sí ọ̀kan nínú gbogbo rẹ̀ tó yí abẹ́rẹ́ òṣùwọ̀n padà. Ìwọ dókítà tó kọ pé o wo aláìsàn tí o kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ìwọ olùkọ́ tó kọ pé ọmọ náà yege, ìwọ bírìkìlà tó ní ìpìlẹ̀ jìn tó, ìwọ tí wọ́n bi léèrè nípa ọ̀rẹ́ rẹ tí o ní o kò mọ̀: ẹnì kan ti fi ẹ̀mí rẹ̀ tàbí orúkọ rẹ̀ lé ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ. Má ṣe dúró gba ìbùkún lónìí. Ẹ ti rí i pé ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí bá bá wí, kó dìde nísinsìnyí, kí ó máa lọ sílé ẹni tó ṣẹ̀. A óò máa kọrin títí tí yóò fi jáde, a kò sì ní wo ojú rẹ̀.